Àmín Mẹ́tàdínlógún Lórí Ẹ̀gẹ́ Kíkorò

Kí Motọ́lání tó bọ́jú láàárọ̀, fóònù rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbé. Òun ni mánéjà ilé-iṣẹ́ gàárì tí àwọn obìnrin Ìkòrò-Èkìtì dá sílẹ̀ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Òun náà ló kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sórí Wáásáàpù kí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lè máa tètè kárí. Bí aago mẹ́fà bá ti lù, á kọ àdúrà síbẹ̀ pé ọ̀nà wọn á là, pé wọn ò ní sunkún ọmọ. Kó tó bu omi ìwẹ̀ tán, Àmín á ti máa rọ́ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi pé mẹ́tàdínlógún, nítorí àwọn mẹ́tàdínlógún ni òṣìṣẹ́. Ẹni tí kò bá tètè ṣe Àmín, Motọ́lání á bi í léèrè níbi iṣẹ́ pé ṣé àdúrà òun kò wù ú ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ń bẹ nínú irú rẹ̀ lórí fóònù yín.

Nínú àwọn mẹ́tàdínlógún yìí, bóyá ni àwọn mẹ́fà mọ̀wé kà dáadáa. Àwọn yòókù, ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ló ń bá wọn ka ohun tó bá wọlé, nígbà tí ọmọ bá ráyè. Màmá Sarah, ìyá tó bí Motọ́lání, ló dàgbà jù nínú àwọn tó ń yan gàárì, ìwé kò sì yé e rárá. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Glory, ọmọ ọdún méje tí Motọ́lání bí, ló kọ́ ọ ní ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí àwòrán àtẹ́lẹwọ́ méjì tó pàdé lè jáde. Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ tí màmá kò tẹ̀ ẹ́.

"Èmi ò mọ ohun tí ọmọ mi ń kọ," ni màmá máa ń sọ, "ṣùgbọ́n àdúrà rẹ̀ kò ní já sílẹ̀ láìsí Àmín."

Ọ̀rọ̀ náà máa ń pa Motọ́lání lẹ́rìn-ín. Kò rò ó síwájú sí i.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Motọ́lání wà nínú ìpàdé ọlọ́jọ́ méjì ní Ìjerò nígbà tí Ayọ̀kúnlé pè é. Ayọ̀kúnlé ló ń wa ọkọ̀ ilé-iṣẹ́. Òun ló ń ra ẹ̀gẹ́ wá láti oko, òun náà ló ń kó gàárì lọ fún àwọn oníbàárà. Motọ́lání bọ́ sí ìta láti gbọ́ ọ.

"Mánéjà, ẹ káàsán mà. Ẹ̀gẹ́ tí mo rà ní Erio, ẹni tó tà á fún mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pè ni. Ó ní àwọn ọmọ òun ti da ti oko kíkorò mọ́ dídùn. Gbogbo èyí tó wà nínú àpò búlúù, kíkorò ni. Ti àpò funfun nìkan ni dídùn."

"Ṣé wọn ò tíì lọ̀ ọ́?"

"Wọ́n ti lọ̀ ọ́ láti àná. Ó ti wà lábẹ́ jáákì, omi rẹ̀ ti ń ro."

Motọ́lání mọ̀ pé oró ń bẹ nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò. Bí wọ́n bá jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì yan án lórí iná tó múná, oró yẹn á kúrò níbẹ̀, gàárì rẹ̀ á sì dùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì péré ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ wọn, nítorí ẹ̀gẹ́ dídùn ni wọ́n mọ̀. Ọ̀la, tí í ṣe Fúráìdè, ni wọ́n máa yan èyí.

Ẹnì kan péré ni ì bá pè. Àní ì bá pe ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń pè é padà sínú ìpàdé, ó sì ní ohun tó gbà pé ó yá ju ìpè lọ. Ó ṣí Wáásáàpù, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì tó gún régé, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà sí ìjọba, kọ ọ́ pé kí wọ́n má yan ẹ̀gẹ́ inú àpò búlúù títí di Mọ́ńdè. Kí ọ̀rọ̀ náà má bàa le jù, ó fi gbólóhùn kan kádìí rẹ̀ pé kí Olúwa bù kún iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Àmín bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Motọ́lání ń kà wọ́n lábẹ́ tábìlì ìpàdé bí adìẹ ṣe ń ṣa ọkà. Nígbà tó pé mẹ́tàdínlógún, ó mí kanlẹ̀, ó sì ti fóònù náà bọ àpò. Ó ní gbogbo wọn ti gbọ́.

Ní Fúráìdè, wọ́n yan ẹ̀gẹ́ inú àpò búlúù. Wọ́n yan án pẹ̀lú orin.

Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn tó ń yan gàárì á bu díẹ̀ lọ sílé láti tọ́ ọ wò. Màmá Sarah bu tirẹ̀ sínú abọ́. Láàárọ̀ Sátidé, iṣu sísè ni màmá fi ṣe oúnjẹ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n Glory ti wá kí i, gàárì ni Glory sì fẹ́ mu. Màmá fi omi tútù, ṣúgà àti ẹ̀pà sí i fún un. Ọmọ náà mu abọ́ kan, ó tún bẹ̀bẹ̀ fún èkejì.

Nígbà tó fi máa di aago méjìlá, ó ní orí ń fọ́ òun. Ó bì. Ó tún bì. Nígbà tó gbìyànjú láti dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Màmá Sarah gbé e sáàárín ara rẹ̀ àti ọlọ́kadà, wọ́n gba ilé Motọ́lání kọjá láti ké sí i, wọ́n sì dé ilé ìwòsàn kékeré ìlú náà. Nọ́ọ̀sì Priscilla ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Motọ́lání sáré wọlé tẹ̀lé wọn pẹ̀lú ọṣẹ ìfọṣọ lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ti ń tú ìgò epo pupa nínú ìró.

"Màmá, ẹ gbé epo yẹn kúrò," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ọmọ tó ń bì, tí ojú ń ṣú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu mọ́, ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Kí ló jẹ kẹ́yìn?"

"Gàárì ni."

"Nígbà wo?"

"Bí aago mẹ́wàá."

"Ṣé gàárì yẹn ṣì wà? Ẹ rán ẹnì kan lọ bù ú wá, a máa fi hàn wọ́n ní Ìjerò."

Nọ́ọ̀sì gbé fóònù, ó pe ilé ìwòsàn ńlá ní Ìjerò. Motọ́lání ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń sọ. Nọ́ọ̀sì kò pariwo, kò sì fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní ọmọ obìnrin ọlọ́dún méje ni, ó mu gàárì láago mẹ́wàá, ó ti bì lẹ́ẹ̀mẹrin, èémí rẹ̀ ń yára, òun fura sí oró ẹ̀gẹ́, wọ́n máa dé láàárín ìṣẹ́jú márùndínlógójì, kí wọ́n gbé afẹ́fẹ́ ìmí sílẹ̀ dè é. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun kan tí Motọ́lání kò gbọ́ rí níbi iṣẹ́ kankan.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ fún mi kí n mọ̀ pé a jọ gbọ́ ohun kan náà."

Oró ẹ̀gẹ́. Motọ́lání kọjú sí ìyá rẹ̀.

"Màmá, gàárì wo lẹ fún un?"

"Èyí tí a yan lánàá ni. Ti àpò búlúù."

"Mo ní kí ẹ má yan án! Ṣé ẹ ò rí iṣẹ́ tí mo kọ síbẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ ni?"

Màmá Sarah wo ọmọ rẹ̀ lójú. "Iṣẹ́ wo? Ṣebí àdúrà lo máa ń kọ síbẹ̀."

Ọkọ̀ dé, wọ́n gbé Glory wọnú rẹ̀, màmá gbé orí ọmọ náà lé itan. Wọn ò tíì jáde nílùú nígbà tí Motọ́lání rántí pé abọ́ kan ni ìyá rẹ̀ bù lọ sílé. Àpò mẹ́jọ tó kù ńkọ́? Gbogbo rẹ̀ ni Ayọ̀kúnlé kó lọ láàárọ̀ yẹn sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Àrámọkọ, níbi tí ọgọ́fà ọmọ ń gbé. Ọ̀sán Sátidé, láago méjì, gàárì mímu ni wọ́n ń fún wọn. Aago kan ti kọjá.

Ó fa fóònù yọ. Ẹ wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lọ: Wáásáàpù ló ṣí. Ó ti kọ ìlà kan kí ìyá rẹ̀ tó bi í ní ìbéèrè kan. Kì í ṣe ẹ̀gàn, màmá kàn fẹ́ mọ̀ ni.

"Ta ló máa kà á?"

Motọ́lání pa ìlà náà rẹ́, ó pe Ayọ̀kúnlé.

"Háà, mánéjà! Mo sọ fún yín lọ́jọ́bọ̀. Nígbà tí wọ́n kó o sọ́kọ̀ fún mi, mo rò pé ẹ ti yanjú rẹ̀, pé tàpò funfun ni."

"Àṣìṣe mi ni, kì í ṣe tìrẹ. Fún mi ní nọ́ńbà ẹni tó ń se oúnjẹ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o yí ọkọ̀ padà sí Àrámọkọ. Kí ni mo ní kí o ṣe?"

"Ẹ ní kí n fún yín ní nọ́ńbà Ìyá Ẹ̀yínadé, kí n sì padà sí Àrámọkọ."

Ìyá Ẹ̀yínadé, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń se oúnjẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, gbé fóònù nínú ariwo abọ́ àti ṣíbí. Motọ́lání kí i, ó ní gàárì tó wọlé láàárọ̀ yìí kò dára, kí wọ́n má lò ó.

"Kò burú, ọmọ mi. Mo ti gbọ́."

Lọ́jọ́ mìíràn, ibẹ̀ ni Motọ́lání ì bá fi ọ̀rọ̀ sí. "Ẹ má bínú mà. Ẹ bá mi tún un sọ."

"O ní gàárì tòní kò dára tó ti tẹ́lẹ̀. A máa bu ṣúgà sí i dáadáa."

Motọ́lání gbóhùn sókè, ó sì ń sọ ọ́ ní díẹ̀díẹ̀. "Màmá, oró ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ mi mu ún láàárọ̀, ọ̀nà ilé ìwòsàn la wà yìí. Ẹ má fún ọmọ kankan. Ẹ má tọ́ ọ wò. Gbogbo àpò mẹ́jọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Ariwo abọ́ dákẹ́. Ohùn obìnrin náà yí padà. "Oró wà nínú rẹ̀. A ò gbọ́dọ̀ fún ọmọ kankan. Gbogbo àpò mẹ́jọ." Motọ́lání sì gbọ́ ọ tó ń pàṣẹ fún àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ pé kí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi kalẹ̀, kí wọ́n da ohun tó wà nínú bàsíà padà sínú àpò, kí wọ́n dá iná fún ẹ̀wà. Wọ́n ti bu gàárì náà sílẹ̀ tán. Omi nìkan ló kù.

Ọgọ́fà ọmọ jẹ ẹ̀wà lọ́jọ́ náà. Wọ́n kùn pé oúnjẹ pẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kùn.

Ní Ìjerò, gbogbo nǹkan ti wà nílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Nọ́ọ̀sì Priscilla ṣe sọ. Wọ́n gbé afẹ́fẹ́ ìmí sí Glory nímú, wọ́n fa omi àti oògùn sí i lára. Motọ́lání àti ìyá rẹ̀ jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Glory lajú, ó wò wọ́n, ó ní ebi ń pa òun, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fún òun ní gàárì. Màmá Sarah rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, Motọ́lání kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sábẹ́ búkà tí wọ́n ti ń bẹ ẹ̀gẹ́. Wọ́n ti gbẹ́ kòtò jíjìn, wọ́n ti ri àpò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ mọ́lẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ Àrámọkọ ti ní àwọn kò ní gba gàárì lọ́wọ́ wọn fún oṣù méjì. Gbogbo wọn ń retí ẹni tí mánéjà máa lé. Motọ́lání kúnlẹ̀.

"Èmi ni mo jẹ̀bi," ó wí. "Mo kọ ohun tí ó lè pa ènìyàn sáàárín àdúrà, mo fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo wá ń ka Àmín. Àmín kì í ṣe èsì iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ṣé kò sí ẹnì kankan nínú wa tó kà á?"

Ayọ̀bọ́lá dìde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá Sarah ló fẹ́ ẹ láti Ẹ̀fọ̀n, kò sì tíì pé ọdún kan níbi iṣẹ́ náà.

"Mo kà á mà," ó wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Nígbà tí wọ́n dá iná ní Fúráìdè, ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni mí. Àwọn ìyá ọkọ mi ló wà nídìí agbada. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró níwájú wọn kí n ní kí wọ́n pa iná? Mo rò pé tó bá le tó bẹ́ẹ̀, ẹ ó pè wọ́n fúnra yín."

Àwọn kan ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sí i. Màmá Sarah nawọ́, gbogbo wọn dákẹ́.

"Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀," ó wí. "Tó bá sọ fún mi ní Fúráìdè, mo mọ ohun tí mo máa fi fún un. Mo máa ní, 'Ìyàwó àná yìí ló fẹ́ kọ́ mi ní iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí wọ́n tó bí i.' Ẹ̀yin náà, ẹ sọ òótọ́. Àwa la di ẹnu rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Èmi àgbà ni n kò gbọ́n tèmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló yí ilé-iṣẹ́ náà padà. Àdúrà kúrò lórí ìkànnì iṣẹ́. Ẹ má bínú, wọ́n ṣì ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n fi ń gbà á láàárọ̀, gbogbo wọn lórí ìdúró. Ohunkóhun tó bá kan ìlera ènìyàn, ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ pe ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ náà lórúkọ, kó sọ ohun tó rí, ìgbà tó rí i, àti ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe, ní Yorùbá. Ẹni tó gbọ́ á tún un sọ. Jáákì tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kò tíì pọ́jọ́, wọ́n á so aṣọ pupa mọ́ ọn kí ẹni tí kò mọ̀wé lè rí i. Wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ẹni tó dé lánàá, lè ní kí wọ́n pa iná, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ bi í pé ta ló bí i.

Ó rọrùn láti sọ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n dán an wò.

Oníbàárà ńlá kan láti Adó fẹ́ ogún àpò, ó sì fẹ́ ẹ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹ̀gẹ́ kíkorò nìkan ni wọ́n rí rà lọ́sẹ̀ náà, ọjọ́ mẹ́ta péré ló sì tíì lò. Oníbàárà náà pe Motọ́lání lẹ́ẹ̀márùn-ún láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ Àrámọkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ padà, kò sì fẹ́ kí oníbàárà mìíràn tún bọ́. Ó jáde wá sídìí agbada.

"Ẹ dá iná sí i," ó wí. "Ọjọ́ mẹ́ta ti tó. Ẹ jẹ́ kí iná pọ̀, kò ní sí nǹkan kan."

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Màmá Sarah ti mú igi ìdáná. Ayọ̀bọ́lá fi ẹ̀gẹ́ tó ń sẹ́ sílẹ̀, ó rìn wá, ó dúró sáàárín mánéjà àti agbada. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì dìde.

"Mánéjà, kò tíì pọ́jọ́. Ọjọ́rú la lọ̀ ọ́, Sátidé la wà yìí. Ó ku ọjọ́ kan, ó lè jẹ́ méjì. A ò ní dá iná mà."

Inú kọ́kọ́ bí Motọ́lání, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹnu rẹ̀ ti ṣí láti bi í pé ta ni mánéjà níhìn-ín. Ìgbà náà ló rí ojú Glory nínú ọkàn rẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì ní Ìjerò.

"Tún un sọ," ó wí.

"A ò ní dá iná títí di Mọ́ńdè."

"A ò ní dá iná títí di Mọ́ńdè," ni Motọ́lání náà wí. Màmá Sarah ju igi ìdáná sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìyàwó ilé rẹ̀ ní oríkì, àwọn yòókù gbè é, ijó bẹ́ sílẹ̀ níbi tí iná kò ti jó. Níṣojú gbogbo wọn ni Motọ́lání ti pe oníbàárà Adó, tó sọ ìdí rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Ọkùnrin náà ní àwọn ọmọ òun náà ń mu gàárì, òun máa dúró. Láti ọjọ́ náà, kò ra gàárì níbòmíràn mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá nílé ìwòsàn, nílé-ẹ̀kọ́, ní gáréèjì, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí níbi tí ẹni méjì péré ti ń bá yín ṣiṣẹ́, ẹ má rò pé ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́ ni wọ́n ti gbọ́. Ẹ pè wọ́n, kí wọ́n tún un sọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà lábẹ́ ẹlòmíràn, ìbọ̀wọ̀ fún àgbà kò ní kí ẹ máa wò ó níran kó rìn sínú kòtò. Ẹ kúnlẹ̀ tó bá jẹ́ àṣà yín, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́. Kí ilẹ̀ òní tó ṣú, kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan pe ẹni tó kéré jù níbi iṣẹ́ rẹ̀, kó sì bi í pé: "Kí lo mọ̀ tí ẹ̀rù ń bà ọ́ láti sọ fún mi?" Kó jókòó, kó gbọ́ ọ tán, kó má bínú.